Ó lọ́kọ, ó bímọ, àmọ́ obìnrin mìíràn ni ọkàn rẹ̀ fà sí: Ìtàn tí àwọn òǹkọ̀wé ń sọ láti Aba dé Douala

Obìnrin kan wà tó lọ́kọ, tó sì ti bí ọmọbìnrin kan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ló fẹ́, ìyá rẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Lójú ará àdúgbò, kò sí ohun tó kù nínú ilé náà. Àmọ́ nígbà tí ilé bá dákẹ́, obìnrin mìíràn tó wà nílùú mìíràn ni ọkàn ìyàwó ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ijeoma ni orúkọ obìnrin náà, inú ìwé ìtàn àròsọ 'Under the Udala Trees' ni ẹ ó sì ti bá a pàdé. Chinelo Okparanta, tí wọ́n bí ní Port Harcourt, ló kọ ọ́, ó sì jáde lọ́dún 2015. Udala tó wà nínú orúkọ ìwé náà kì í ṣe àjèjì sí wa: òun ni agbálùmọ̀. Nínú ìtàn àwọn Igbo, igi náà ní í ṣe pẹ̀lú ọmọ bíbí, èyí tó bá ìtàn obìnrin tí gbogbo ayé ń sọ fún pé kó ṣáà ti lọ sílé ọkọ, kó bímọ, ohun gbogbo yóò yanjú, mu rẹ́gí.

Ọ̀rọ̀ irú èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní apá ibi tí a wà yìí ní Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni òfin là kalẹ̀ fún ọkùnrin tó bá fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin tó bá fẹ́ obìnrin níyàwó. Ní Cameroon tó jẹ́ aládùúgbò wa, ẹni tó bá bá ẹni tí wọ́n jọ jẹ́ akọ tàbí abo lò pọ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Síbẹ̀, ó ti lé ní 30 ọdún tí àwọn òǹkọ̀wé obìnrin, pàápàá àwọn ọmọ Cameroon, ti ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Kí ni wọ́n ń sọ gan-an? Kí ló sì lè ṣẹlẹ̀ sí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ pé Bonamoussadi ní ìlú Douala ló ń gbé, tí kì í ṣe inú ìwé?

Ọkọ tí wọ́n fi ṣe oògùn

Ìlú Ojoto lọ́dún 1968 ni ìtàn Ijeoma ti bẹ̀rẹ̀, lásìkò ogun Biafra. Bọ́ǹbù tí ọkọ̀ òfurufú jù pa bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Adaora, kò lè dá gbọ́ bùkátà mọ́, ló bá fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí Nnewi, sílé olùkọ́ kan àti ìyàwó rẹ̀, kó máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ibẹ̀ ló ti pàdé Amina, ọmọ Hausa tí ogun sọ di aláìlẹ́nìkan. Àwọn méjèèjì di olólùfẹ́ ara wọn.

Ọwọ́ tẹ̀ wọ́n. Ìyá Ijeoma wá mú un lọ sí Aba, ó gbé Bíbélì kalẹ̀, ó sì ń kọ́ ọ ní ẹsẹ kan tẹ̀ lé òmíràn bí ìgbà tí èèyàn ń lo oògùn ibà. Amina lọ sílé ọkọ ní tiẹ̀. Nígbà tí Ijeoma dàgbà, ó pàdé Ndidi, tó jẹ́ olùkọ́. Ilé tó jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án ni àwọn obìnrin bíi tiwọn ti ń pàdé ní bòókẹ́lẹ́ lálẹ́. Àwọn èèyàn ya lù wọ́n níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n sì dáná sun ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ̀rù yẹn, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ ìyá rẹ̀, ló gbé Ijeoma dé ilé Chibundu. Wọ́n ṣègbéyàwó, wọ́n kó lọ sí Port Harcourt, wọ́n sì bí Chidinma.

Lójú tèmi, ibí yìí ni ìwé náà ti wúlò jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ogun àti ọ̀rọ̀ Amina ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ nípa rẹ̀. Okparanta kò fi Chibundu ṣe ìkà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan ni tó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, tó sì ń retí ọjọ́ tí ìyàwó náà yóò fẹ́ràn òun padà. Ọjọ́ náà kò dé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ lẹ́tà Ndidi wá bọ́ sí i lọ́wọ́, ojú rẹ̀ yí padà, ilé náà di ọgbà ẹ̀wọ̀n fún àwọn méjèèjì. Ó ń fẹ́ ọmọkùnrin. Ó ń fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ san ohun tó jẹ òun.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi Chibundu kí wọ́n tó so yìgì ni bóyá ó fẹ́ di oògùn. Oògùn ni wọ́n sì fi í ṣe. Gbogbo ìgbà tí àwọn àgbà bá ń sọ pé "jẹ́ kó lọ́kọ, yóò gbàgbé", ọkùnrin kan wà níbì kan tí wọn kò sọ àrùn tí wọ́n fẹ́ fi í wò fún.

Nígbẹ̀yìn, Ijeoma gbé ọmọ rẹ̀, ó sì padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Aba. Ìyá tó ń ka Bíbélì lé e lórí ló ṣílẹ̀kùn fún un. N kò ní sọ ohun tí ìyá náà sọ fún yín, nítorí ó yẹ kí ẹ fi ojú ara yín kà á. Lẹ́yìn ìtàn náà ni Okparanta wá fi àkọsílẹ̀ kékeré kan sí i, tó fi rán àwọn òǹkàwé létí pé ní January 7, 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó de ìgbéyàwó akọ-sí-akọ àti abo-sí-abo ní Nàìjíríà. Yàtọ̀ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ìgbéyàwó, òfin náà tún fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba.

Ìyálé kan ní Ìbàdàn

Ẹni tó bá ń rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Igbo nìkan lèyí, kó ṣí ìwé 'The Secret Lives of Baba Segi's Wives' tí Lola Shoneyin kọ, tó jáde lọ́dún 2010. Ìbàdàn ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Bolanle, ìyàwó kẹrin tó jáde ní yunifásítì, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rántí, àti àṣírí ńlá tó tú nígbà tí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn torí pé kò lóyún.

Àmọ́ ẹ padà lọ ka orí tí Ìyá Segi, ìyálé ilé, ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kó tó di ìyálé ẹnikẹ́ni, ọmọbìnrin kan ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ìyá tó bí i kíyè sí i. Kò pariwo, kò sì pe pásítọ̀ tàbí ààfáà; ọkọ ló wá fún un. Owó tí ọmọ náà ti ń tọ́jú pamọ́ látọjọ́ pípẹ́, ìyá yìí ló tún kó o fún ọkọ náà pé kó fi bẹ̀rẹ̀ ayé.

Kò ju ojú ewé díẹ̀ lọ nínú ìwé náà, Shoneyin kò sì padà dúró lé e lórí. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti kà á yóò mọ̀ pé Ìyá Segi tó le koko, tó ń ka owó, tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti àwọn orogún rẹ̀ bí ọ̀gá ológun, ti pàdánù ohun méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo: ẹni tó fẹ́ àti owó tó ní. Nígbà tí Rotimi Babatunde sọ ìwé náà di eré orí ìtàgé, tí wọ́n sì ṣe é ní gbọ̀ngàn Arcola ní London lọ́dún 2018, ariwo ẹ̀rín ló kún inú eré náà. Ẹ̀rín náà tọ́, Shoneyin mọ bí wọ́n ṣe ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Àmọ́ ìtàn tó wà lábẹ́ ẹ̀rín náà kò dùn.

Èdè wa fúnra rẹ̀ ní ohun kan tó máa ń ya àlejò lẹ́nu: nínú agbo ilé, ìyàwó ilé a máa pe ọmọbìnrin tí wọ́n bí sílé ọkọ rẹ̀ ní "ọkọ mi". Ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ kọ́ o, ọ̀rọ̀ ipò nínú ẹbí ni. Mo mẹ́nu bà á torí pé àwọn kan máa ń mú un, tàbí kí wọ́n mú obìnrin ilẹ̀ Igbo tó ń san owó orí obìnrin mìíràn kó lè bímọ sí ìdílé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ìfẹ́ abo-sí-abo ti wà látijọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ àti ogún ni ti ilẹ̀ Igbo yẹn, gẹ́gẹ́ bí Ifi Amadiume ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé 'Male Daughters, Female Husbands' lọ́dún 1987. Àwọn ìwé ìtàn àròsọ tí à ń sọ yìí kò nílò rẹ̀ láti fi gbe ara wọn lẹ́sẹ̀.

Bó bá jẹ́ Bonamoussadi ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká kọjá ẹnubodè wàyí. Àríwá Douala, ìlú okòwò tó tóbi jù ní Cameroon, ni Bonamoussadi wà. 'Bona' nínú èdè Duala túmọ̀ sí ìdílé tàbí àrọ́mọdọ́mọ ẹnìkan, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń sọ pé "ọmọ Lágbájá". Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi gbọ́ Bonanjo, Bonapriso àti Bonabéri nílùú kan náà. (Bonamoussadi mìíràn wà ní Yaoundé, ẹ̀gbẹ́ yunifásítì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kún ibẹ̀. Kì í ṣe ìyẹn là ń sọ.)

Bonamoussadi ti Douala jẹ́ àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò tí nǹkan ń lọ déédéé fún. SIC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń kọ́lé fún aráàlú, kọ́ ilé púpọ̀ síbẹ̀. Apá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Denver, àwọn olówó ló ń gbé ibẹ̀. Àdúgbò tọkọtaya ni, àdúgbò ọmọ tó wọ aṣọ iléèwé tó ń dúró de ọkọ̀ láàárọ̀. Bí Ijeoma bá fẹ́ fara pamọ́ sínú ìgbéyàwó, ibẹ̀ ni kò ní jìnnà sí i.

Ẹ jẹ́ ká ní irú rẹ̀ ń gbé ibẹ̀ lónìí, tí àṣírí sì tú.

Bó bá jẹ́ ọkùnrin ló ń yàn lálè, abala 361 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Cameroon ló máa kàn án. Ẹ̀wọ̀n oṣù méjì sí mẹ́fà ni, tàbí owó ìtanràn láti 25,000 sí 100,000 owó CFA. Ọkọ tó ni ìyàwó ló sì gbọ́dọ̀ fẹjọ́ sùn; bí ó bá pa á mọ́ra, ọ̀rọ̀ parí. (Ní gúúsù Nàìjíríà, àgbèrè kì í ṣe ẹ̀sùn ọ̀daràn rárá, bó tilẹ̀ lè tú ìgbéyàwó ká.)

Bó bá wá jẹ́ obìnrin bíi tirẹ̀, abala 347-1 ni. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, pẹ̀lú owó ìtanràn láti 20,000 sí 200,000 CFA. Kò di dandan kí ọkọ fẹjọ́ sùn. Ẹnikẹ́ni ló lè mú ẹ̀sùn náà lọ bá ọlọ́pàá.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín abala méjèèjì yìí ló ń dá ẹ̀rù tó wà nínú àwọn ìwé náà sílẹ̀. Ọ̀ràn àkọ́kọ́ jẹ́ ẹjọ́ ilé, tí àwọn àgbà ẹbí lè bá wọn yanjú. Ọ̀ràn kejì kì í ṣe ti ọkọ mọ́, ti ìjọba ni. Ọkùnrin ní tirẹ̀ lè ní àlè lóde kí wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́: káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ní Áfíríkà, "ọ́fíìsì kejì" ni wọ́n ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé á sì rẹ́rìn-ín.

Òfin yìí kì í ṣe ohun tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀ lọ ní Cameroon, ó sì yẹ ká mọ ìyẹn. Ọdún 1972, lásìkò ìjọba Ahmadou Ahidjo, ni wọ́n fi àṣẹ kan tì í bọ inú ìwé òfin. Nígbà tí wọ́n tún ìwé òfin náà ṣe ní July 2016 lábẹ́ Ààrẹ Paul Biya, wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Àwọn obìnrin náà ti fojú winá rẹ̀: lọ́dún 2012, wọ́n gbé àwọn obìnrin kan lọ sílé ẹjọ́ ní Ambam, ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń bá obìnrin bíi tiwọn lò pọ̀.

Alice Nkom, agbẹjọ́rò tó fi Douala ṣe ibùjókòó, ni orúkọ rẹ̀ máa ń wọ irú ẹjọ́ báyìí jù. Ọdún 1969 ni wọ́n gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ náà ní Cameroon. Lọ́dún 2003 ló dá ẹgbẹ́ ADEFHO sílẹ̀ láti máa gbèjà àwọn tí òfin yìí bá mú.

Ọ̀rọ̀ náà tún gba ọ̀nà àrà yọ ní ìparí June 2024. Brenda Biya, ọmọbìnrin Ààrẹ fúnra rẹ̀, gbé àwòrán kan sójú òpó Instagram rẹ̀ níbi tí òun àti obìnrin ọmọ Brazil kan, Layyons Valença, ti ń fẹnu ko ara wọn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló sọ fún ìwé ìròyìn Le Parisien ní Faransé pé òun ní ìrètí pé ìtàn òun lè jẹ́ kí òfin náà yí padà. Òkè òkun ló wà nígbà tó sọ ọ́. Obìnrin tó ń sanwó ilé ní Bonamoussadi kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

"Má sọ ọ́ ní wúyẹ́wúyẹ́ jù"

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn yìí díẹ̀ ní Cameroon ni Calixthe Beyala, tí wọ́n bí ní Douala lọ́dún 1961. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, 'C'est le soleil qui m'a brûlée', jáde lọ́dún 1987. Ateba, ọmọbìnrin inú ìtàn náà, kò rí ìtura lọ́dọ̀ ọkùnrin kankan, ó sì máa ń jókòó kọ lẹ́tà sí àwọn obìnrin. Beyala kò pe ohun tó wà lọ́kàn Ateba ní orúkọ kan pàtó. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lítíréṣọ̀ ń jiyàn lórí rẹ̀ títí dòní.

Frieda Ekotto ló wá sọ ọ́ láìfi bò. Ọmọ Cameroon ni, ó sì jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà. 'Chuchote pas trop' ni orúkọ ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 2005, ìyẹn ni pé "Má sọ ọ́ ní wúyẹ́wúyẹ́ jù". Ọmọbìnrin abúlé kan, Ada, ló wà nínú rẹ̀, tó ń wá bí yóò ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn ara rẹ̀. Àwọn tó tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òun ni ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ láti ọwọ́ òǹkọ̀wé Áfíríkà tó fi ojú rere wo ìfẹ́ láàárín obìnrin Áfíríkà méjì. Lọ́dún 2010, Ekotto tún kọ 'Portrait d'une jeune artiste de Bona Mbella', nípa ọmọbìnrin kan tó dàgbà ní àdúgbò àwọn tálákà. Ẹ ti rí 'Bona' níbẹ̀ pẹ̀lú: ìlú kan náà ni, àmọ́ kì í ṣe àdúgbò olówó bíi Denver.

Ẹ wo ohun tó ń lọ ní Cameroon nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ yẹn jáde. Nígbà ọdún Kérésìmesì 2005, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ìjọ Kátólíìkì ní Yaoundé, Victor Tonyé Bakot, fi ìwàásù bu ẹnu àtẹ́ lu ìbálòpọ̀ akọ-sí-akọ àti abo-sí-abo. Nígbà tó di January 2006, ìwé ìròyìn L'Anecdote tẹ orúkọ èèyàn 50 jáde, tó ní wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹni ńlá ìlú ló wà níbẹ̀. Ìwé ìròyìn náà tà wàràwàrà. Láàárín irú ariwo bẹ́ẹ̀ ni Ekotto ti ń sọ pé kí àwọn obìnrin má ṣe sọ̀rọ̀ ní wúyẹ́wúyẹ́ jù. Ó gba ọdún 14 kí ìwé náà tó jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2019, nígbà tí Corine Tachtiris túmọ̀ òun àti ti Bona Mbella pọ̀.

Ìwé méjì mìíràn láti Cameroon kò sọ̀rọ̀ ìfẹ́ abo-sí-abo, àmọ́ wọ́n jẹ́ ká mọ ilé tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ń gbé. Àkọ́kọ́ ni 'Munyal' tí Djaïli Amadou Amal kọ lọ́dún 2017, tí wọ́n tún tẹ̀ ní Paris lọ́dún 2020 pẹ̀lú orúkọ 'Les Impatientes', tó sì gba ẹ̀bùn Goncourt des lycéens lọ́dún yẹn. Sùúrù ni 'munyal' túmọ̀ sí lédè Fulani. Ohun tí wọ́n ń kì bọ ìyàwó létí nìyẹn bó bá ń sunkún lọ sílé ọkọ: ṣe sùúrù. Àwa náà mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa.

Ìkejì ni 'Les Aquatiques' tí Osvalde Lewat, tó tún máa ń ṣe fíìmù, kọ lọ́dún 2021. Katmé, ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba ńlá kan, ní ọmọ, ó ní ipò, ilé náà sì ti sú u. Samy, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, jẹ́ oníṣẹ́ ọnà tó ń fẹ́ràn ọkùnrin bíi tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú Samy, Katmé ní láti yan ẹni tí yóò dúró tì: ọkọ rẹ̀ tó ń wá ipò, àbí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lewat dá orúkọ orílẹ̀-èdè tí kò sí sílẹ̀, Zambuena, fún ìtàn náà. Ẹni tó bá ti gbé ní Cameroon kò ní pẹ́ kó tó dá a mọ̀.

Lẹ́tà ló ń tú àṣírí

Ohun kan wà tó máa ń padà wá nínú àwọn ìtàn yìí, n kò sì rò pé ó ṣèèṣì. Ateba ń kọ lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ló tú ilé Ijeoma ká. Ada ń wá bí òun ṣe máa kọ ìtàn òun. Ohun tí ẹnu kò lè sọ, ọwọ́ ló ń kọ ọ́, ohun tí ọwọ́ bá sì kọ, ẹlòmíràn lè rí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí láyé gidi. Lọ́dún 2011, ilé ẹjọ́ kan ní Yaoundé rán Roger Jean-Claude Mbede lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Ohun tó dá wàhálà náà sílẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù tó fi ránṣẹ́ sí ọkùnrin mìíràn pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kú ní January 2014. Òfin tí Cameroon ṣe lórí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2010 sì tún mú ọ̀rọ̀ náà le sí i: abala 83 rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá fi fóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí ẹni tí wọ́n jọ jẹ́ akọ tàbí abo wá bá òun lò pọ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan sí méjì, tàbí kó san owó ìtanràn láti 500,000 sí mílíọ̀nù kan CFA.

Nítorí náà, bí Ijeoma bá wà ní Bonamoussadi, tó ń fi WhatsApp bá Ndidi sọ̀rọ̀ dípò lẹ́tà, kò ní jẹ́ ọkọ nìkan ni yóò máa bẹ̀rù pé ó lè gbé fóònù òun.

Ṣé àwọn ìwé yìí ń ti àwọn obìnrin láti kọ ọkọ sílẹ̀ ni?

Ẹ̀sùn tí ọ̀pọ̀ olóòótọ́ èèyàn ń fi kàn wọ́n nìyẹn, kò sì yẹ ká fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì nílẹ̀ wa gbà pé Ọlọ́run ló da ìgbéyàwó sílẹ̀ láàárín ọkùnrin àti obìnrin, àti pé ìyá ọlọ́mọ tó bá fi ilé sílẹ̀ nítorí ìfẹ́ ara rẹ̀ ti fi ọmọ ṣòfò. Àwọn mìíràn ní ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Paris tàbí New York, owó àti ojú òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ẹ̀sùn kejì ní òtítọ́ díẹ̀ nínú. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé náà ń gbé, àwọn ẹ̀bùn tí wọ́n ń gbà sì máa ń wá láti ibẹ̀: ẹ̀bùn Lambda ti Amẹ́ríkà ni ìwé Okparanta gbà lọ́dún 2016. Àmọ́ ẹ̀sùn àkọ́kọ́ kò bá ohun tó wà nínú ìwé mu. Ijeoma kò kọ ọkọ sílẹ̀ kó tó fẹ́ Ndidi. Ndidi ló kọ́kọ́ wà. Ìyá Segi náà bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ náà kọ́ ló wọ inú ìgbéyàwó, ìgbéyàwó ni wọ́n gbé lé ìfẹ́ náà lórí bí ìgbà tí èèyàn da aṣọ bo iná.

Jude Dibia sọ apá ti ọkùnrin nínú 'Walking with Shadows', tó jáde ní Nàìjíríà lọ́dún 2005, ọdún kan náà pẹ̀lú ìwé Ekotto. Adrian níyàwó tó ń jẹ́ Ada, ó sì ní ọmọbìnrin kan. Nígbà tí ẹnìkan tú àṣírí rẹ̀, Ada ló wà nípò tí Chibundu wà: ẹni tí wọ́n fẹ́ láìsọ òtítọ́ fún. Bí ẹ bá ka ìwé méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn, ẹ ó rí i pé ìbéèrè kan náà ni ọkọ yẹn àti ìyàwó yìí ń béèrè: nígbà tí gbogbo ẹbí ń fura, kí ló dé tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé?

Àwọn tí n kò tíì gbọ́ ohùn wọn dáadáa nínú gbogbo ìwé wọ̀nyí ni àwọn ọmọ. Ijeoma ló ń sọ ìtàn tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Chidinma sì wà lápá rẹ̀ nígbà tó padà sí Aba. A mọ ohun tí ìyá rò, a mọ ohun tí ìyá-ìyá sọ. Ọmọ náà ṣì kéré nígbà yẹn.